Wàrà Sábó: Kí Ó Tó Dé Ẹnu Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọmọ, bí ẹ bá ti gba Sábó kọjá rí ní àṣálẹ́, yálà Sábó ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa júwe rẹ̀ fún yín. Imú ni a fi ń mọ ibẹ̀. Èéfín súyà yóò ti pàdé yín lọ́nà kí ẹ tó rí iná rẹ̀. Ẹ ó rí ẹni tí ń dín másà nínú àwo amọ̀ olójú púpọ̀, ẹ ó rí ẹni tí ń bu kúnú fún oníbàárà, ẹ ó sì rí alákàrà tiwa tí ó ti lọ dá ìsọ̀ sílẹ̀ láàrin wọn, nítorí pé ọjà kì í bi ènìyàn léèrè ibi tí ó ti wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni agbada kan wà lórí iná, tí òróró ń hó nínú rẹ̀, tí ohun funfun kan sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ nínú òróró náà. Wàrà ni. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Mo fi súyà sílẹ̀ fún àwọn ọkọ wa, tí wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù wá lọ.

Sábó kì í ṣe orúkọ ìlú kan ṣoṣo. Inú ọ̀rọ̀ Haúsá náà, Sabon Gari, ni a ti fa á yọ, ìlú tuntun sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ ibùdó àwọn oníṣòwò obì àti màlúù tí wọ́n ti Òkè Ọya wá bá wa gbé. Ti Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, ni a dá sílẹ̀ ní 1916. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń ṣe wàrà kì í sábà gbé inú Sábó gan-an. Inú gáà ni wọ́n ti ń wá, ní ẹ̀yìn ìlú níbi tí koríko wà fún màlúù, tí àwọn ti igbá lórí, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn. Wọ́n ń tà ní Sábó, wọ́n ń kiri dé ojúlé wa, wọ́n sì ń dé Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, wàrà, ti yí ìtumọ̀ padà díẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, omi funfun tí a fún lára ẹran ni a pè ní wàrà. Èyí tí ó dì ni wọ́n pè ní wàràkàṣì, èyí tí Jésè ní kí Dáfídì gbé lọ fún olórí ogun. Lójà lónìí, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra wàrà, èyí tí ó dì ni wọn yóò bù fún yín. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, n ó pe omi náà ní mílíìkì, n ó sì pe èyí tí ó dì ní wàrà.

Ní ọdún kan, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí gáà kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí a ti ń ṣe é. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó gbà wá lálejò. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó tilẹ̀ ń fi èdè Ògbómọ̀ṣọ́ bá wa ṣe àwàdà. Kí a tó dé ni wọ́n ti fún mílíìkì tán. Màlúù funfun oníwo gígùn tí wọ́n ń sìn kì í fún ènìyàn ní ju nǹkan bíi líítà kan tàbí méjì lọ lójúmọ́, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ní láti mu tirẹ̀ ná. Ẹ wá ro ó wò: nǹkan bíi líítà márùn-ún ni yóò di wàrà kìlógíráàmù kan. Nítorí náà, igbá wàrà kan tí ẹ rí lórí obìnrin kan kì í ṣe iṣẹ́ màlúù kan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ìyá náà sẹ́ mílíìkì sínú ìkòkò, ó sì gbé e ka iná tí kò le. Ó já ewé bòmúbòmú pẹ̀lú díẹ̀ lára igi rẹ̀. Ẹ mọ bòmúbòmú: igi kúkúrú ẹ̀bá ọ̀nà yẹn tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí ó ní àwọ̀ bí ẹni pé a bu eérú sí i, tí oje funfun ń tú jáde lára rẹ̀ bí a bá ṣẹ́ ẹ. Ó gún un, ó fi mílíìkì díẹ̀ pò ó, ó sì sẹ́ oje náà sínú ìkòkò nígbà tí mílíìkì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rò ó, ó dáwọ́ dúró, ó sì jókòó tì í. Bí ó ti ń gbóná sí i ni mílíìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín ara rẹ̀ sí méjì: ohun funfun ń ṣù jọ lókè, omi tí ó fẹ́ pọ́n bí ìyeyè sì ń dá dúró nísàlẹ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Ó jẹ́ kí ó hó, kí ó sì hó dáadáa.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi í pé, “Màmá, ṣé dandan ni kí ó hó tó báyìí?”

Ó ní, “Ọmọ mi, bí kò bá hó, yóò korò. Ta ni yóò wá rà á?”

Ohun tí ìyá yìí mọ̀ láìka ìwé ni àwa ń kọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́. Oje bòmúbòmú ní ohun kan nínú tí ń gé èròjà amáradàgbà inú mílíìkì, ìyẹn ni ó fi ń dì. Bí iná kò bá pa agbára oje náà, yóò máa gé e lọ ni, ìkorò yóò sì wọ inú rẹ̀. Bákan náà, oje yìí kò dára lójú rárá. Ó lè pa ojú lára gidigidi. Bí ọmọ yín bá ń fi bòmúbòmú ṣeré, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fi kan ojú.

Lẹ́yìn tí ó ti hó, ó fi ìgbakọ kó èyí tí ó ṣù jọ sínú àwọn agbọ̀n kéékèèké tí a hun, omi rẹ̀ sì ń ro sílẹ̀. Láìpẹ́, ó yí agbọ̀n dànù sórí àwo, wàrà sì jáde pẹ̀lú àpẹẹrẹ agbọ̀n náà lára rẹ̀. Mo béèrè pé owó ta ni owó wàrà yìí. Àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin ni ó ni màlúù, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ni mílíìkì tí ó fún, òun ni ó sì ni owó tí ó bá ti ibẹ̀ wá. Ohun tí ìyàwó fi ń ra iyọ̀, aṣọ àti oògùn ọmọ nìyẹn. Ẹ má gbàgbé èyí nígbà tí ẹ bá ń ná wàrà ní àná-pa-oníṣòwò.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ló dé tí Fúlàní fi ń mu mílíìkì, tí àwa Yorùbá sì ń dúró de ìgbà tí yóò di wàrà? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú ń kùn tàbí tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n nígbà tí a bá mu ife mílíìkì kan, a ó sì ní mílíìkì kò bá wa lára mu. Òótọ́ ni. Ní 1971, Olíkóyè Ransome-Kútì, oníṣègùn àwọn ọmọdé tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà ní ṣúgà inú mílíìkì mu, wọ́n sì wo bí ara wọn ti gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran ni ara wọn gbà á. Ní ti àwọn Yorùbá tí wọ́n ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó gbà á. Kì í ṣe àìsàn. Bí a ti dá wa nìyẹn. Ọmọ ọwọ́ a máa lo ṣúgà inú ọmú ìyá rẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n agbára yìí a máa fi wá sílẹ̀ bí a bá ti ń dàgbà. Nígbà tí a bá sì ń ṣe wàrà, inú omi tí ó ro sílẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà ń bá lọ. Ohun tí ó kù nínú agbọ̀n ni èròjà amáradàgbà, ọ̀rá, àti èyí tí ń mú eegun àti eyín le. Àwọn ìyá wa kò ka Lancet, ṣùgbọ́n inú wọn ti sọ fún wọn pé wàrà ni kí wọ́n rà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ yín gan-an ni mo ń bọ̀.

Ní 1933, Cicely Williams, oníṣègùn obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gáánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń rí lára àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, awọ ara rẹ̀ á máa ṣí, kò sì ní fẹ́ ṣeré mọ́. Ní 1935 ó pe àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn ará Gàá ń pè é, kwashiorkor: àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí a gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí àbúrò tí ń bọ̀. Ó ti rí i pé oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n fi ń rọ́pò ọmú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwa náà fi ń rọ́pò ọmú? Ògì funfun, ṣúgà díẹ̀, ó parí. Nígbà tí David Morley wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn ní 1957, ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń wọn àwọn ọmọ, ó sì ń fàmì sí ìwọ̀n wọn lórí káàdì. Inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìwọ̀n ọmọ tí nọ́ọ̀sì ń fún yín lónìí ti ṣẹ̀ wá. Bí ìlà orí káàdì náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ó wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ kọ́kọ́ wo inú abọ́ ògì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ń ṣe ọmọ náà.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹran wọ́n, láti 2023 tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ohun gbogbo ni ó gbówó lórí. Àti pé ìyá àgbà wà nílé. Ìyá àgbà tèmi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọdé ní odindi ẹyin níṣojú rẹ̀. Ó ní ẹyin àti ẹran ni ó ń sọ ọmọ di olè, nítorí ọjọ́ tí kò bá sí owó láti rà á, ọmọ yóò lọ jí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pín ẹran fún bàbá, fún àlejò, fún ọmọ ọkùnrin tí ó ti dàgbà, tí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sì ń lá omi ọbẹ̀. Mo bá ìyá àgbà jà lórí ẹyin títí, n kò borí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, n kò gbọ́ ọ kí ó sọ pé wàrà ń sọ ọmọ di olè! Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pe oníwàrà wọlé. Ẹ̀yin tí ìyá ọkọ yín rí bíi tèmi, ẹ gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé.

Bí ẹ bá wọn wàrà tí ó tó ìwọ̀n ẹyin kan, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kò kéré sí ti ẹyin náà. Mo ní láti fi kún un pé wàrà kò ní èròjà tí ń fún ni lẹ́jẹ̀ tó. Mílíìkì kò ní in láti ìpìlẹ̀. Ẹ máa fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹ̀dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò rẹ̀. Ọmú ìyá nìkan tó o, kí ẹ sì máa fún un ní ọmú lọ títí di ọdún méjì bí ẹ tilẹ̀ ti ń fún un ní oúnjẹ mìíràn.

Ẹ wá jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nígbà tí àkọ́bí mi lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan, mo ra wàrà lọ́nà, mo bù ú fún un bí wọ́n ti bù ú fún mi, tútù, láti inú igbá. Ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìmọ̀ oúnjẹ ni mí o. Lóru ọjọ́ náà, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà. Ilẹ̀ kò mọ́ bọ̀rọ̀ fún mi. Omi iyọ̀ àti ṣúgà inú páálí tí a ń pè ní ORS, pẹ̀lú oògùn síńkì, ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ó sì yè é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó pé, níbo ni mo ti ṣìnà? Ṣebí mo ti rí i pé wàrà ń hó lórí iná?

Ó hó lóòótọ́. Nínú ìkòkò yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kòkòrò àrùn tí ó lè yè é. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ohun tí ó kan wàrà lẹ́yìn tí ó kúrò lórí iná: ọwọ́ tí ó kó o, agbọ̀n tí a lò lánàá, omi tí a bù sínú igbá kí wàrà má baà gbẹ, èyí tí ó lè jẹ́ omi odò tàbí ti kànga, eṣinṣin, eruku ọkọ̀, àti ìka gbogbo oníbàárà tí ó ti tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dé. Oòrùn wá ń mú gbogbo rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kì í ṣe mílíìkì ni ó ṣe ọmọ mi, omi inú igbá ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi í ṣe òfin ilé mi: wàrà tí a kò bá tún sè nílé kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ. Èyí tí wọ́n ń dín lójú yín ní Sábó, tí ó ti inú òróró gbígbóná bọ́ sínú bébà, ẹ lè jẹ ẹ́ nígbà tí ó ṣì ń gbóná. Èyí tí wọ́n ti dín láti ọ̀sán tí ó wà nínú gíláàsì, ẹ fi sílẹ̀.

Nónò tí wọ́n ń pò mọ́ fúrá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún yàtọ̀. Wàrà ti rí iná nígbà kan. Ọ̀pọ̀ nónò kò rí iná rárá. Ikọ́ ife lè ti ara màlúù gba inú mílíìkì tútù wọ ara ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni brucellosis, ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ń fọ́ ni ní oríkèé, tí ó sì lè ba oyún jẹ́. Kíkan tí ó kan kò tó láti pa wọ́n. Bí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ń rà á fún ọmọ, ẹ ra mílíìkì tútù kí ẹ sè é hó fúnra yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó pò ó mọ́ fúrá.

Ní ti ríra wàrà, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ mú abọ́ tiyín tí ó ní ìdérí lọ́wọ́. Wàrà tí ó dára funfun, tàbí kí ó fẹ́ pọ́n díẹ̀ bí eyín erin. Ara rẹ̀ le níwọ̀nba, òórùn rẹ̀ sì jọ ti mílíìkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Bí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn kíkan ń ti inú rẹ̀ jáde, tàbí tí àwọ̀ mìíràn ti ń yọ lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó tàn yín. Ẹ wo omi inú igbá pàápàá ju wàrà lọ: bí omi náà bá ti dúdú, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ní àsìkò òjò tí koríko pọ̀, wàrà a máa pọ̀, owó rẹ̀ a sì rọjú. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, mílíìkì a gbẹ, ìṣù wàrà a sì kéré. Ẹ yan oníbàárà kan, kí ẹ sì máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ń ta fún mi mọ̀ pé èmi ni “Àǹtí tí ń wo omi”, nígbà tí mo bá sì dé, omi tuntun ni mo ń bá nínú igbá rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ ṣan án, kí ẹ gé e, kí ẹ sì sè é nínú omi oníyọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí omi náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí ó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò yọ́: wàrà wa kì í yọ́ bíi wàràkàṣì òyìnbó, bí ẹ ti gé e ni yóò rí títí dé inú abọ́. Òun ni ó fi dára nínú ọbẹ̀.

Fún ọmọ tí ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, ẹ mú èyí tí ẹ ti sè náà, tí ó tó ìdajì ẹyin, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ rin ín kúnná, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ògì gbígbóná lórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Bí ó bá ti di ọmọ ọdún kan, ẹ lè fi kún un tó odindi ẹyin kan. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Adùn mílíìkì wà níbẹ̀. Fún ti àgbà, mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ rírò ju ibikíbi lọ: ẹ jẹ́ kí ata àti epo jinná kí omi ata gbẹ, kí ẹ da irú sí i, kí ẹ da wàrà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó lè mu ata, kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ lé e kẹ́yìn. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú àmàlà láfún ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni bi yín léèrè ẹran. Bí ẹ bá fẹ́ dín in, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ ná kí òróró má baà ta sí yín lára, ẹ fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ pa á, kí ẹ sì máa dín díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà, yóò mu òróró bíi kànìnkànìn.

Wọ́n tún ń ta wàrà sóyà ní Sábó báyìí, àwará ni àwọn Haúsá ń pè é. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sè hó, tí wọ́n sì fi omi kíkan mú kí ó dì. IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí sóyà àti bí àwọn ìyá ilé ṣe lè lò ó. Oúnjẹ gidi ni, èròjà amáradàgbà rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti màlúù. Ẹ lè ṣe é nílé pẹ̀lú oje ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kí omi sóyà náà hó fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán kí ẹ tó fi ọsàn sí i, nítorí pé sóyà tí kò jinná a máa da inú rú. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo ní: kí ẹni tí ń tà á sọ pé sóyà ni. Owó wàrà màlúù kọ́ ni owó sóyà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀; ti sóyà a máa rùn bí ẹ̀wà tútù díẹ̀.

Títọ́jú rẹ̀ kù. Níbi tí iná mànàmáná ti ń wá tí ń lọ, ẹ má gbára lé fíríìjì. Ẹ sè é nínú omi oníyọ̀ ní alẹ́, kí ẹ dé e pa, kí ẹ tún sè é ní òwúrọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ kẹta. Ní ilẹ̀ Benin, ní ìhà Parakou, ewé tí ó wé mọ́ poroporo ọkà bàbà ni wọ́n fi ń sè é títí ara rẹ̀ fi pọ́n fòò, wàgáṣì sì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó gbé ìhà àríwá Gáánà rí kí wọ́n tó lé wọn wálé ní 1969 pàdé, ẹ bi í bóyá ó mọ wàgáṣì.

Àkọ́bí mi yẹn ti tó ẹni tí ń dúró tì mí nídìí iná báyìí. Ní Sátidé tí ó kọjá, a jọ lọ sí Sábó. Kí n tó yọ owó, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo inú igbá.

Ó ní, “Màmá, omi rẹ̀ mọ́.”

Oníwàrà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ìṣù kékeré kan lé e ní èènì.